Ìdí Tí Ẹni Tó Kọ́kọ́ Tú Jẹnẹrétọ̀ Rẹ̀ Fúnra Rẹ̀ Fi Ń Wò Ọ́ Bí Olè

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ìkìrun ni mo wà. Ọdún kan àbọ̀ rèé tí mo ti gba fíríídọ̀mù lẹ́nu iṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ títúnṣe. Nínú oníbàárà mẹ́wàá tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ó kéré tán, márùn-ún ti kọ́kọ́ tú u fúnra wọn kí wọ́n tó gbé e wá, wọn kì í sì í sọ fún mi. Bí mo bá dá owó iṣẹ́, wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ fi àwọn ra mọ́tò ni. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan gbé 2.5 kVA wá, kabúrétọ̀ rẹ̀ ti wà ní túká nínú ike. Mo tún un ṣe, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlá, ó ní ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò gbé iná jáde mọ́, pé láti ìgbà tí mo ti fọwọ́ kàn án ni. Ó pè mí lólè lójú àwọn ará àdúgbò. Ṣé àwọn èèyàn ò ka iṣẹ́ ọwọ́ sí mọ́ ni? Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kí wọ́n pe èèyàn lólè ní àdúgbò tó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọdún 27 ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pe èmi náà bẹ́ẹ̀, mo sì rántí aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ti pé bóyá àwọn èèyàn ò ka iṣẹ́ ọwọ́ sí mọ́, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti gbìyànjú tí kò sì rí i ṣe, òun gan-an ló mọ bí iṣẹ́ rẹ ṣe le tó. Ó ti bá a jà lálẹ́ àná. Òógùn bò ó, ọmọ ń bá a mú tọ́ọ̀ṣì dání, ìyàwó ń bèèrè láti inú ilé pé ṣé ó ti kù díẹ̀. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ju òun lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí ó lè sọ ọ́ jáde ni nǹkan méjì tó gbé pọ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ: ìtìjú, àti owó tó ti ṣòfò. Bí o bá dá owó fún un, àwọn méjèèjì yìí ló ń bá ọ yọwó.

Ibi tí mo ti kọ́ eléyìí kò jìnnà, ilé ara mi ni. Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ẹnu ẹ̀rọ omi ilé ìdáná wa ń jò. Mo ní èmi tí mo ń já ẹ́ńjìnnì, kí ni ti ẹnu ẹ̀rọ? Mo ra tuntun, mo gbé sípánà lé èyí tó ti gbó, kò yí. Mo fi agbára kún un. Páìpù inú ògiri ló yí, ó sì kán síbẹ̀. Omi bo gbogbo ilẹ̀. Mo sáré lọ ti táńkì, mo lọ ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n ní ó ń lẹ páìpù, kò lẹ̀, mo tún lọ ra ẹnu ẹ̀rọ mìíràn nítorí mo rò pé ti àkọ́kọ́ ni kò dára. Lọ́jọ́ kejì ni mo tó pe pọ́lóńbà, ọmọkùnrin kan tí kò tó àkọ́bí mi. Ó wo ògiri, ó ní, "Bàbá, báwo ló ṣe kán?" Mo ní, "A kàn jí bá a bẹ́ẹ̀ ni."

Èmi tí mo máa ń bínú sí oníbàárà tó bá parọ́ fún mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà dá owó. Owó náà tọ́. Ká ní ẹlòmíì ni wọ́n pè é fún, mo máa gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nínú orí mi, mo ti ro owó ẹnu ẹ̀rọ méjì mọ́ ọn, mo ro owó gọ́ọ̀mù mọ́ ọn, mo ro omi táńkì tó dànù mọ́ ọn. Iye tí mo gbọ́ kọ́ ni iye tó pè. Mo yọwó títí ojú ọmọ ọlọ́mọ fi pọ́n. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sí ìdí ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀, gbogbo oníbàárà tí mo ti bá jà láti ọdún pípẹ́ sì ń wá sí mi lọ́kàn níkọ̀ọ̀kan.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Oníbàárà tó gbé ẹ̀rọ tó ti tú wá, ẹ̀yìn ló ń wò. Ó ń wò bóyá o rí i bó ṣe ṣubú. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń kọ́kọ́ sọ pé, "Kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan tó ṣe é o, nǹkan kékeré ni." Ọ̀rọ̀ "nǹkan kékeré" yẹn máa ń bí wa nínú, à ń rò pé ó fẹ́ fi já iṣẹ́ wa sílẹ̀ kí owó lè kéré. Lóòótọ́, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, àdúrà ni wọ́n ń gbà. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ohun tí òun bà jẹ́ má pọ̀.

Nítorí náà, má dúró de ẹnu rẹ̀ kí o tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ. Wo orí àwọn sìkúrù kabúrétọ̀: bí ojú wọn bá ti fẹ̀, tí irin funfun ń dán níbi tí sukudiráfà ti yọ̀, ẹnìkan ti fi sukudiráfà tí kì í ṣe nọ́ńbà rẹ̀ débẹ̀. Wo etí gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, bóyá gọ́ọ̀mù yọ síta níbẹ̀. Wo sìkúrù gọ́fánọ̀, ohun tó ń darí eré ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń kán ọ̀dà sí i lórí, bí ọ̀dà náà bá ti fọ́, wọ́n ti yí i nìyẹn. Yọ púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá dúdú kirikiri bí ìdí ìkòkò ààrò, epo ń pọ̀ jù. Yọ jẹ́ẹ̀tì, irin kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀, gbé e sí ojú oòrùn, fi ojú kan wo inú ihò rẹ̀. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó rọ̀; èyí tí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ gún, ihò rẹ̀ kì í rí róbótó mọ́. Fa irin ìwọn ọ́ìlì jáde kí o gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí bẹntiróòlù, má fa okùn ẹ̀rọ yẹn rárá títí wàá fi da ọ́ìlì náà nù.

Lẹ́yìn tí o bá ti wò ó tán ni kí o tó bèèrè, bí o ṣe máa bèèrè sì ṣe pàtàkì. Mo ti sọ oníbàárà nù rí nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé tirẹ̀ wá, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta wà níbẹ̀, oníbàárà méjì mìíràn náà jókòó. Mo gbé ẹ̀rọ náà sókè, mo ní, "Ta ló ba eléyìí jẹ́ báyìí?" Bàbá náà kò sọ nǹkan kan. Ó ní òun fẹ́ lọ mú nǹkan wá nílé, nígbà tó ṣe, ó rán ọlọ́kadà wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Ojú ọ̀nà kan náà la jọ ń gbà títí dòní. Ó ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i, ṣùgbọ́n kò gbé nǹkan wá mọ́.

Ohun tí mo ń bèèrè báyìí ni pé, "Ibo lẹ bá a dé?" Gbólóhùn yẹn kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ti gbà pé ó ṣe nǹkan, ó sì gbà pé ohun tó ṣe lè ti ran iṣẹ́ lọ́wọ́. Èèyàn máa ń mí kanlẹ̀ bó bá gbọ́ ọ. Ó lè ní, "Àní mo kàn fọ kabúrétọ̀ ni," bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ báyẹn, yóò sọ ìyókù.

Ìyá kan wà tó ń ta ẹja dídì ní ẹ̀gbẹ́ ọjà tó wà nítòsí wa. Wọ́n fi bárò gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, fíríìsà ti kú láti alẹ́ àná, ẹja ń yọ̀ nílé, o lè fojú inú wo bí ìyá náà ṣe rí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, yóò tó ọmọ ọdún 16, dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wolẹ̀. Ìyá ní, "Ó kàn kọ̀ ni o, a ò fọwọ́ kàn án." Bẹ́ẹ̀ agolo mílíìkì kan wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, gbogbo ìgbà tó bá mira ni sìkúrù ń ró ṣaworo nínú rẹ̀.

Mo tẹ́ páálí sílẹ̀. Mo pe ọmọ náà, mo ní kó dà wọ́n síbẹ̀ kó sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe jáde. Ìyá rẹ̀ wò mí, ó wo ọmọ. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tò ó: bóòtì méjì tó di kabúrétọ̀ mú, èyí tó di kọ́ọ̀pù ìsàlẹ̀, fílóòtì, níídù rẹ̀ tó ń dí ọ̀nà epo, jẹ́ẹ̀tì. Ọkàn mi dùn sí i, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni kò ní lè tò ó bẹ́ẹ̀. Mo bi í ohun tó fi fọ jẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹyọ ìgbálẹ̀. Ó wá ṣẹ́ sínú ihò. Mo wá fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tì í." Orí fóònù ló ti rí i pé wọ́n ń gún un. Mo ní ó káre tó ronú pé kabúrétọ̀ ló dí, nítorí lóòótọ́ kabúrétọ̀ ló dí, epo tó pẹ́ nínú rẹ̀ ti di gọ́ọ̀mù. Abẹ́rẹ́ ni kò yẹ kó débẹ̀. Afẹ́fẹ́ la fi ń fẹ́ ẹ. Mo wá fa irin ìwọn ọ́ìlì jáde, mo ní kí ìyá náà gbóòórùn rẹ̀. Níídù kò jókòó dáadáa nígbà tí ọmọ tò ó padà, epo ti ṣàn láti kabúrétọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì lóru, ó ti pò mọ́ ọ́ìlì. Mo ní, "Ìyá, bó bá gbà láti ṣiṣẹ́ lálẹ́ àná ni, kò ní pẹ́ tó fi máa nọ́ọ̀kì." Ìyá bèèrè iye tí ẹ́ńjìnnì jẹ́. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ bá mi ṣe é." Kò yọwó. Kì í ṣe pé mo bẹ̀ ẹ́, ó fi imú ara rẹ̀ gbóòórùn ohun tó ń sanwó fún ni.

Nígbà tó parí, ọmọ náà ni mo ní kó fa okùn. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti kọ́kọ́ gbìyànjú fúnra rẹ̀, ìdí kan sì wà fún un. Ní 2012, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Michael Norton, Daniel Mochon àti Dan Ariely, tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn èèyàn ní àpótí ilé iṣẹ́ IKEA, irú èyí tí wọ́n ń tà ní túká tí èèyàn máa tò fúnra rẹ̀. Ẹni tó tò ó parí fẹ́ san owó tó pọ̀ lórí èyí tí ọwọ́ ara rẹ̀ tò. Àwọn kan wà tí wọ́n dá dúró nígbà tó ku ìgbésẹ̀ méjì péré: owó tí wọ́n fẹ́ san kò tó nǹkan rárá. Iṣẹ́ kan náà ni, òógùn kan náà, àìparí rẹ̀ ló gba ìfẹ́ náà kúrò lára wọn. Nígbà tí mo ka èyí, ojú gbogbo àwọn tó ń gbé kabúrétọ̀ wá sọ́dọ̀ mi nínú ike ni mo rí. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ìyangàn wọn lánàá ti di ohun tí wọn kò fẹ́ rí sójú. Nítorí náà, bí o bá ti ṣe é dé ìparí, fi ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún un. Jẹ́ kó fa okùn náà. Jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ṣóòkù. Wàá rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa yí padà.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó báyìí. Àìsàn owó wa ni pé a máa ń pè é ní odindi kan. "Owó rẹ̀ ni ₦11,000." Oníbàárà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ti ní ₦6,000 tó ṣòfò lọ́kàn, ló bá fi ohùn líle dá ọ lóhùn. Pín in sórí ìwé fún un. Ká ní owó àyẹ̀wò jẹ́ ₦2,000, owó àrùn tó bá ẹ̀rọ náà gan-an jẹ́ ₦4,000, owó títo ohun tó ti tú àti pípààrọ̀ ohun tó bà jẹ́ níbi tó ti ń tú u jẹ́ ₦5,000. Kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta, kí o sì jẹ́ kó rí i. Kò sí ìdí láti sọ ọ̀rọ̀ lé ìlà kẹta. Ó mọ ẹni tó ni ín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan wà tí wọ́n máa ń fi owó lé e láti fi jẹ ẹni tó tú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ níyà. Mo ti sọ fún wọn nínú ìpàdé pé kò dára, mo tún ń sọ ọ́ fún ìwọ náà. Owó ìbínú kì í ṣe owó iṣẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya ọ̀dọ́ lẹ́nu. Bí o bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ohun tó fi odidi alẹ́ jà, inú rẹ̀ kì í dùn bó o ṣe rò. Ó máa bínú. Ìyára rẹ ń sọ fún un pé òmùgọ̀ ni òun. Ẹlòmíì tilẹ̀ máa ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn? Ẹ wá gba owó tó tó yẹn?" Má torí ìyẹn fa iṣẹ́ gùn, ẹ̀tàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n máa sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń ṣe é. "Mo ń wọn àlàfo fáàfù rẹ̀ báyìí, ti ìwọlé 0.15 mílímítà, ti ìjáde 0.20. Bí ó bá fún jù, kò ní gbà kó fà dáadáa." Bó bá rí i pé irin pẹlẹbẹ tín-ń-tín kan wà tí o fi ń wọn ohun tí ojú kò lè rí, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ yíyára lásán ni òun ń sanwó fún.

Mo fẹ́ kí á sọ òótọ́ nípa ara wa pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ "olè" tí bàbá yẹn sọ, kì í ṣe orí rẹ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bi oníbàárà léèrè ìdí tó fi kọ́kọ́ tú u fúnra rẹ̀, wàá gbọ́ ìtàn. Ẹnìkan ti yọ ojúlówó kọ́ìlì tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́, ó fi ayédèrú sí i. Ẹnìkan ti fọ kabúrétọ̀ ògbólógbòó mọ́, ó tà á fún un bíi tuntun. Ẹnìkan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ oṣù méjì, ó ń lò ó nílé. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kò ní fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ mọ́, ó sàn fún un kó bà á jẹ́ fúnra rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 sọ pé ẹni tó bá ń ta ohun tí wọ́n ti lò rí tàbí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí èèyàn bá sì gbé fún oníṣẹ́, kò yẹ kó padà sọ́wọ́ rẹ̀ kó burú ju bó ṣe gbé e wá lọ. Àwa oníṣẹ́ ọwọ́ kì í ka òfin yìí, ṣùgbọ́n oníbàárà tí wọ́n bá ti rẹ́ jẹ ti kọ tirẹ̀ sọ́kàn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Gbogbo ohun tí o bá yọ kúrò, kó o sínú ọ̀rá, so ó, fún un kó máa gbé e lọ. Ì báà jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tó ya. Fi fóònù ya àwòrán ẹ̀rọ náà bó ṣe dé, kí ó jẹ́ ojú rẹ̀ lo ti yà á, kí o sì fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Kọ nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sínú ìwé kan náà. Ẹlòmíì á ní òun ò nílò ọ̀rá ìdọ̀tí. Fún un ṣáá.

Ọ̀wọ́n gógó náà tún dá kún un. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan tó wà lábẹ́ ₦200 fò lé ní ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó sáfíìsì àwọn èèyàn ló ń lọ sínú epo. Mo rí i nínú ìwé iṣẹ́ mi: àwọn tí wọ́n ń wá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tẹ́lẹ̀, ìgbà tó bá kú pátápátá ni wọ́n ń wá báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ ara wọn já a. Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n kórìíra.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò fara mọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n mo dúró lé e: kọ́ oníbàárà rẹ ní ohun tó lè ṣe fúnra rẹ̀. Yóò gbìyànjú bó o bá kọ́ ọ, yóò gbìyànjú bó ò kọ́ ọ. Fi hàn án bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì: irú ẹ́ńjìnnì 2.5 kVA tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa ń gba nǹkan bíi 0.6 lítà, bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, kó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 20, lẹ́yìn náà ní wákàtí 100, 100. Bó bá jẹ́ Tiger kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I better pass my neighbour ló ní, ìyẹn kò ní ilé ọ́ìlì, inú epo ni ọ́ìlì rẹ̀ ń lọ, mílílítà 20 sí lítà kan. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ fílítà afẹ́fẹ́, bí wọ́n ṣe ń nu púlọ́ọ̀gì, bí wọ́n ṣe ń fa epo kúrò nínú kọ́ọ̀pù kabúrétọ̀ bí kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó wá mọ ibi tí ọwọ́ òun kò gbọ́dọ̀ dé: jẹ́ẹ̀tì, fáàfù, gọ́fánọ̀. Gọ́fánọ̀ pàápàá. Nǹkan bíi 3,000 ìgbà ni irú ẹ́ńjìnnì yìí gbọ́dọ̀ máa yí ní ìṣẹ́jú kan kí iná rẹ̀ tó jẹ́ hertz 50, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá yí sìkúrù yẹn kí iná lè mọ́lẹ̀ sí i, AVR, ohun tó ń mú kí agbára iná jẹnẹrétọ̀ dúró déédéé, àti fíríìjì ni yóò fi pa.

Kí o sì kìlọ̀ fún wọn nípa ibi tí wọ́n ti ń dán an wò. Ẹni tó bá ń tún un ṣe lóru sábà máa ń tan án sí kọ́rídọ̀ tàbí bákóní nítorí òjò tàbí nítorí olè. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ti pa odidi ìdílé lójú oorun. Sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, kódà bó bá dà bíi pé wọn ò fẹ́ gbọ́.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí wàá kọ̀. Oníbàárà máa dé, á ní òun ti rí oògùn rẹ̀: òun já wáyà sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì, ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ní kí o kàn bá òun dì í bẹ́ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ yẹn ń pa iná púlọ́ọ̀gì nítorí ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ ni. Bí o bá bá a já a, o ti bá a pa ẹ́ńjìnnì, orúkọ rẹ ni yóò sì pè lọ́jọ́ tó bá nọ́ọ̀kì. Sọ fún un, bu ọ́ìlì sí i lójú rẹ̀, so wáyà náà padà. Bó bá kọ̀, gbé e fún un, má gba kọ́bọ̀.

Ó wá ku ti bàbá tìrẹ. Kí o tó dá ara rẹ láre, bi ara rẹ ní ìbéèrè kan: lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ǹjẹ́ o wọn hertz rẹ̀, àbí etí lo fi gbọ́ ọ? Ẹni tó tú kabúrétọ̀ sínú ike lè ti yí gọ́fánọ̀ kó tó débẹ̀. Bí o bá tò ó padà tí o kò wọn eré rẹ̀, AVR lè ti ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ fún ọjọ́ 14 yẹn, ó sì lè jẹ́ lọ́wọ́ rẹ ló kú sí. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kí o mọ̀ kí o tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kò sí èrò. Bí ọ̀gá rẹ tó kọ́ ọ níṣẹ́ bá wà nítòsí, bẹ̀ ẹ́ kó bá ọ lọ; kó má bá ọ jà, kó kàn jókòó. Dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, má dárúkọ ohun tó pè ọ́. Sọ pé o wá wo ẹ̀rọ, pé àyẹ̀wò tòní kì í ṣe owó. Mú mítà lọ, mú bátìrì 12 volt lọ. Tan ẹ́ńjìnnì, kọ́kọ́ wo eré rẹ̀ láti orí mítà tó bá ń ka hertz, bó bá ṣiṣẹ́ láìgbé iná rárá, fi ohun tí wọ́n fi ń ka ìyípo wò ó. Lẹ́yìn náà pa á, yọ AVR kúrò, so bátìrì mọ́ bírọ́ọ̀ṣì méjèèjì tó ń gbé iná dé ara wáyà tó ń yí nínú rẹ̀, tan án padà, kí o sì ní kí bàbá fúnra rẹ̀ wo ojú mítà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí iná bá gòkè, wáyà inú rẹ̀ yè, AVR ló kú. Bí kò bá gòkè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ jọ mọ̀ ọ́n.

Bó bá jẹ́ pé eré ló pọ̀ jù, sọ fún un pé o kò wọn ọ́n, kí o sì fi owó ara rẹ ra AVR. Yóò dùn ọ́, ṣùgbọ́n ṣe é. Bí eré rẹ̀ bá tọ́, sọ iye tí AVR jẹ́ fún un, fi owó iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí o sì jẹ́ kó rán ọmọ tirẹ̀ lọ rà á níbi tó bá wù ú. Fi èyí tó kú sínú ọ̀rá, gbé e lé e lọ́wọ́. Tún gọ́fánọ̀ ṣe, kán ọ̀dà sí i lórí, jẹ́ kó rí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, sún sẹ́yìn, kí o na okùn náà sí bàbá kó fà á.